Ara ẹ̀gbọ́n mi ti yá, àmọ́ ìyá wa ò fẹ́ fún un ní àlùmọ́gàjí rẹ̀. Ẹ bá wa dá sí i

ÀbúròTélọ̀
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, mi ò kàn kọ nǹkan kan rí ni. Ọ̀rọ̀ kan wà nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde tí ẹnu wa ò kò lé lórí.

Télọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Aṣọ ọkùnrin ló ń rán: bùbá, ṣòkòtò, dàńṣíkí, agbádá. Àwọn kan máa ń ti Èkó fi aṣọ ránṣẹ́ sí i. Lọ́dún tó kọjá, ara rẹ̀ ò yá. Ẹ ó mọ irú àìyá ara tí mò ń wí. Kì í sùn, ó ń dá sọ̀rọ̀, ó ní àwọn kan ń fi inú rédíò sọ̀rọ̀ òun. Nígbà tó yá, ó gé àwọn aṣọ oníbàárà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù sí wẹ́wẹ́. A gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ó ti padà wálé. Ó ń lo oògùn rẹ̀, ó ń sùn, ó ń jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín. Dókítà ní kò sóhun tó ní kó má padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ìyá wa ni kò gbà. Wọ́n ti àlùmọ́gàjí rẹ̀ mọ́ inú àpótí, wọ́n so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ìdí ìró. Ọ̀bẹ ìdáná pàápàá, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn ló ń sùn. Onílé tó ni ṣọ́ọ̀bù ní kó wá ibòmíì lọ. Àmọ́ èyí tó ń dùn mí jù ni pé àwọn èèyàn kì í bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Èmi ni wọ́n ń bi pé, "Ṣé ó ti jẹun? Ṣé ara rẹ̀ ti balẹ̀?" Òun náà á sì jókòó síbẹ̀, á máa wò wá. Lánàá ló ní kí n bá òun gba àlùmọ́gàjí náà lọ́wọ́ wọn. Kí ni kí n ṣe?

Olóòótọ́Ọ̀rọ̀
Ẹ jẹ́ n sọ èyí tí àwọn yòókù ò ní lè sọ. Ohun tí ìyá yín ṣe yé mi. Àwọn àgbà ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Wọ́n tún ní èyí tó bá ti wọ ọjà, kò ṣeé wò sàn mọ́. Wọn ò sọ ọ́ lásán. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lọ́la, ṣé àwọn tó ń wàásù àánú níbí ló máa wá bá yín jẹ́jọ́ ní tẹ́ṣàn? Ẹ mú un lọ sóko, kó máa gbin ẹ̀gẹ́.

ÌyáÌbejìMushin
Ṣé ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣán oko lọ́dọ̀ tiyín ni? Ṣé àdá kì í ṣe irin? 😂

Olóòótọ́Ọ̀rọ̀
Ẹ̀yin ìyá yìí náà ṣá.

Nọ́ọ̀sìTóFẹ̀yìntì
Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀. Nọ́ọ̀sì àwọn tí àárẹ̀ ọpọlọ ń bá jà ni mí títí mo fi fẹ̀yìntì, Abẹ́òkúta ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Olóòótọ́, ọ̀rọ̀ ọjà tí ẹ sọ yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó ń dé ọjà. Ẹni tí àwọn ará ilé rẹ̀ ti jọ̀wọ́ rẹ̀ ni. Kó tó dé ọjà, ó ti lo ọdún lọ́nà láìsí oògùn, láìsí oúnjẹ gidi, láìsí ẹni tó ń pe orúkọ rẹ̀. Ọjà kọ́ ló sọ àìsàn náà di èyí tí kò gbóògùn. Ẹni tí wọ́n bá tọ́jú nígbà tó ṣì wà láàárín àwọn èèyàn rẹ̀, mo ti rí wọn tó pọ̀ tó tún padà sídìí iṣẹ́, tó gbéyàwó, tó bímọ.

Ẹ sì má rò pé àwọn òyìnbó ló kọ́ wa ní èyí. Nígbà tí ìjọba wọn kọ́kọ́ kọ́lé fún àwọn aláìsàn ọpọlọ ní Yábàá, lọ́dún 1907, ìtìmọ́lé ló sún mọ́ ju ìwòsàn lọ. Ní 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Árò, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Abẹ́òkúta. Ọmọ Abẹ́òkúta ni wọ́n, ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí ní 1923, Birmingham ni wọ́n ti kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn. Dípò kí wọ́n kó gbogbo aláìsàn jọ sẹ́yìn ògiri, wọ́n lọ bá àwọn baálé ilé ní àwọn abúlé tó yí Árò ká, wọ́n ní kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé. Ẹni tó bá ń bọ̀ gbọ́dọ̀ mú ìbátan rẹ̀ kan dání, bóyá ìyá, bóyá ẹ̀gbọ́n, tí á máa dáná fún un, tí á máa bá a rìn. Wọ́n á lọ gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn, wọ́n á sì padà sí abúlé, wọ́n á báwọn ará ibẹ̀ ṣiṣẹ́ oko, wọ́n á bá wọn ṣeré, wọ́n á bá wọn ṣe ayẹyẹ. Lambo tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, wọ́n ní kí wọ́n jọ máa ṣe é. Àwọn dókítà kan fi wọ́n ṣẹ̀sín nígbà náà. Àmọ́ Lambo yìí kan náà ló di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn, tó sì tún di igbákejì ọ̀gá àgbà àjọ ìlera àgbáyé ní Geneva kó tó di pé wọ́n kú ní 2004.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tí ojú tèmi rí. Ìyá kan wà ní wọ́ọ̀dù wa, oníṣòwò àdìrẹ ni wọ́n kí àìsàn tó dé. Wọn ò fọhùn. A bẹ̀ wọ́n, a wò wọ́n lójú, a fi orin sí i, wọn ò dá wa lóhùn. Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì kékeré kan wọ àdìrẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní Ìtòkú wá sẹ́nu iṣẹ́. Ìyá yìí fa etí aṣọ náà, wọ́n fi àtàńpàkò ra á, wọ́n yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà wò, wọ́n wá ní, "Aṣọ yìí ò mu aró. Èló ni wọ́n tà á fún ẹ? Wọ́n rẹ́ ẹ jẹ." Gbogbo wa dúró. Láti ọjọ́ náà, tí a bá fẹ́ fún wọn lóògùn, aṣọ la kọ́kọ́ ń bi wọ́n léèrè.

Àbúrò, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n yín ṣì mọ iṣẹ́. Ẹ má pa iṣẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́.

AkinManchester
Ẹ ṣeun mà. Iṣẹ́ kan náà ni mò ń ṣe níbí. Ẹ ò ní gbà pé ohun tí Lambo ṣe yẹn làwọn kan níbí ń wá kiri lónìí. Ìlú kan wà ní Belgium tó ń jẹ́ Geel, ó ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́nà púpọ̀ tí àwọn ará ìlú náà ti ń gba irú àwọn aláìsàn yìí sílé wọn, wọ́n ṣì ń ṣe é títí dòní. Àmọ́ lọ́dọ̀ tiwa níbí, oògùn wà, bẹ́ẹ̀dì wà, èèyàn ni ò sí. Mo ní àwọn tó jẹ́ pé èmi nìkan ló ń kanlẹ̀kùn wọn láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Àwa aláwọ̀ dúdú tún wà tí wọ́n ń fi òfin ìlera ọpọlọ ti ọdún 1983 mú sílé ìwòsàn pẹ̀lú ipá ní England: iye tiwa ju ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ, tí a bá fi iye èèyàn wọ̀n ọ́n. Ọmọ Yorùbá wà nínú wọn dáadáa. Òmíì nínú wọn, ohùn tó máa ń lọ sókè tó bá ń sọ èdè wa ni wọ́n kà sí ìbínú.

Síbẹ̀ ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ yá lò. Níbí, a máa ń bá aláìsàn jókòó nígbà tí ara rẹ̀ bá yá, a máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́nu òun fúnra rẹ̀: àmì wo lo máa ń kọ́kọ́ rí tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀? Ta lo fẹ́ ká pè? Kí lo ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni ṣe fún ẹ? Òun ló ń sọ, a kàn ń kọ ni. Tó bá ti wá dé, a ò ní í máa méfò. Àbúrò, ṣé ẹnì kan ti bi ẹ̀gbọ́n rẹ ní irú ìbéèrè yìí rí?

Olóòótọ́Ọ̀rọ̀
Gbogbo ẹ̀ dára lẹ́nu. Ẹni tó ń gba àlejò aláìsàn sílé ní Árò, ṣé àánú ló fi ń jẹun? Ta ló ń jí lóru? Ìyá ni, tàbí ìyàwó, tàbí ọmọbìnrin tí ò tíì lọ́kọ. Ẹ̀yin ọkùnrin tó ń wàásù níbí, mélòó nínú yín ló ti bá aláìsàn sùn nínú yàrá kan rí?

Nọ́ọ̀sìTóFẹ̀yìntì
Òótọ́ pọ́ńbélé lẹ sọ yẹn, èmi ò ní bá yín jiyàn lórí ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ń sanwó ilé fún àwọn baálé ilé náà, abúlé náà sì jàǹfààní: wọ́n fa omi ẹ̀rọ dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n gbógun ti ẹ̀fọn. Ilé ìwòsàn wà nítòsí tí ọ̀rọ̀ bá kọjá agbára wọn. Inú rere tí wọn ò bá ṣètò fún, kì í pẹ́ tó fi ń rẹ àwọn tó ń ṣe é. Ìyá ẹ̀gbọ́n wa yìí gan-an, mo fẹ́ mọ ẹni tó ń bójú tó àwọn náà. Ẹni tó bá ń fi ọ̀bẹ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò lè máa sùn dáadáa.

MoTiDébẹ̀Rí
Mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n dá sí i. Èmi náà ti ṣe irú àìsàn yìí. Ó ti pẹ́.

Àwọn èèyàn mi fẹ́ràn mi. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gba ìyẹn gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà wálé, àánú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń bá mi gé ẹran inú ọbẹ̀ mi. Tí mo bá rẹ́rìn-ín, wọ́n á wo ara wọn lójú. Tí n ò bá rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún wo ara wọn lójú. Mo ní mo fẹ́ jáde lọ wo bọ́ọ̀lù, ọmọ kékeré kan ni wọ́n ní kó tẹ̀ lé mi, èmi tí mo ti lé lógójì ọdún. Wọn ò jẹ́ kí n ṣìwà hù bí èèyàn. Gbogbo ìbínú mi, àìsàn ni wọ́n ń pè é. Kí n kàn bínú pé iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀, wọ́n á ti máa wá nọ́ńbà dókítà.

Ohun tó tún mi ṣe ni pé ọ̀rẹ́ mi kan wá sílé wa, ó bú mi. Ó ní mo jẹ òun lówó kí n tó lọ sílé ìwòsàn, pé kí n má rò pé òun ti gbàgbé. Ìyá mi fẹ́ lé e jáde. Èmi ní kó jókòó. Inú mi dùn débi pé mo sunkún. Ẹni tó ń jẹ gbèsè, èèyàn ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé bá ẹ̀gbọ́n yẹn sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹyin ni. Ẹ bá a ṣàwàdà, ẹ bá a jiyàn, ẹ ní kó wá rán nǹkan fún yín, tí kò bá rán an dáadáa, ẹ sọ fún un. Ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́, ọ̀nà tó bá fẹ́ gbà ṣe é lè máà jẹ́ tiyín.

ÌyáÌbejìMushin
Ẹ̀yin ará, ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ló wọ̀ mí lára jù? Ẹ kú ìfaradà, àbúrò mi. Ṣé ẹ ti san owó náà o? 😂

MoTiDébẹ̀Rí
Mo san án mà. Ó tún ya òmíràn lọ́wọ́ mi, kò tíì dá a padà.

TádéNíÌbàdàn
Mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì àgbà. Ẹ máa wo Zimbabwe. Dókítà ọpọlọ kan wà níbẹ̀, Dixon Chibanda. Obìnrin kan tó ń tọ́jú para rẹ̀ nítorí pé òun àti ìyá rẹ̀ ò rí dọ́là mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n máa fi wọkọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀ nílé ìwòsàn. Ìyẹn ló jẹ́ kó ronú pé kí ìtọ́jú máa lọ bá àwọn èèyàn. Ní 2006, ní Mbare ní ìlú Harare, ó kọ́ àwọn ìyá àgbà mẹ́rìnlá bí wọ́n ṣe máa tẹ́tí sí ẹni tí ìrònú ń bá jà, tí wọ́n á sì jọ mú ọ̀kan nínú ìṣòro rẹ̀, kí wọ́n wá ọ̀nà sí i. Bẹ́ǹṣì onígi kan lábẹ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn kékeré, ibẹ̀ ni ọ́fíìsì wọn. Ní 2016 wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde: àwọn tó bá àwọn ìyá náà jókòó, ara wọn yá ju ti àwọn tó kàn gba ìtọ́jú tó wà tẹ́lẹ̀. Wọn kì í sọ fún èèyàn pé "ṣe báyìí, ṣe báyìí". Ìwọ lo máa sọ èyí tó kọ́kọ́ ń dùn ẹ́.

ÌyáÌbejìMushin
Ó dùn-ún gbọ́. Àmọ́ Tádé ọmọ mi, ṣé o mọ Mushin? Àwọn ìyá àgbà ò wọ́n wa níbí, bẹ́ńṣì ò sì wọ́n wa. Tí mo bá sọ tinú mi fún Ìyá Ríṣí láàárọ̀, kó tó dọ̀sán, ẹni tó ń ta epo ní Ìdí-Òro á ti máa bá mi kẹ́dùn.

TádéNíÌbàdàn
Ẹ̀rín pa mí mà. Wọ́n ń kọ́ wọn láti pa ẹnu mọ́, mà. Wọ́n sì ń bójú tó wọn. Kì í ṣe ìyá àgbà èyíkéyìí ni.

ÀbúròTélọ̀
Ẹ ṣeun gbogbo yín. Mo ti bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀, mo mú ìwé àti bírò dání bí Ẹ̀gbọ́n Akin ṣe wí. Ó kọ́kọ́ wò mí, ó ní ta ló kọ́ mi. Lẹ́yìn náà ló wá ń sọ ọ́ bí ẹni tó ti ń dúró de ìbéèrè náà.

Ó ní àmì tòun ni rédíò. Tí a bá ti rí i pé òun fi rédíò sílẹ̀ mọ́jú, kí a má bá òun jà, kí a gbé òun lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ó ní èmi ni kí wọ́n pè, kí wọ́n má pe ẹ̀gbọ́n wa àgbà torí pé ó máa ń pariwo. Ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n di òun lókùn mọ́ láyé. Nípa àlùmọ́gàjí, mi ò retí ohun tó sọ: ó ní kí ó máa wà lọ́wọ́ òun lọ́sàn-án, tó bá dalẹ́, òun á máa dá a padà fún Màámi. Ó ní òun mọ ara òun, kò séwu, àmọ́ Màámi gbọ́dọ̀ sùn.

Mo ka ìwé náà fún Màámi. Wọn ò fèsì lọ́jọ́ náà. Láàárọ̀ kejì wọ́n gbé àǹkárá méjì jáde, wọ́n ní tó bá lè rán aṣọ obìnrin, kó wá wọ́n àwọn. Ẹ̀gbọ́n mi ní télọ̀ ọkùnrin lòun, òun ò fẹ́ ba aṣọ jẹ́. Wọ́n jọ ń jiyàn lórí ọrùn bùbá títí oúnjẹ fi jóná. Ó ti rán an. Apá kan gùn ju èkejì lọ, Màámi sì sọ fún un.

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló kù. Onílé ṣì ní kó kó ẹrù.

Agbẹjọ́ròKékeré
Àbúrò, òfin ìlera ọpọlọ tuntun ti wà ní Nàìjíríà. Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ú ní oṣù kìíní ọdún 2023, òun ló rọ́pò òfin 1958 tó ń pe àwọn èèyàn wọ̀nyí ní wèrè nínú ìwé ìjọba. Òfin tuntun yìí ò fẹ́ kí wọ́n fi àìsàn ọpọlọ ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀. Àmọ́ ẹ má tíì fi kóòtù halẹ̀ mọ́ onílé. Ẹ lọ wo owó ilé, tó bá ti san án, ẹ mú rìsíìtì dání. Ẹ bẹ alága ẹgbẹ́ télọ̀ àdúgbò kó bá yín lọ, ẹni tó mọ̀ ọ́n sídìí iṣẹ́. Kí ẹ̀gbọ́n yín náà wà níbẹ̀, kó sọ tẹnu rẹ̀. Kí onílé rí i lójúkojú.

Olóòótọ́Ọ̀rọ̀
Ẹ ní kó san owó àwọn aṣọ oníbàárà tó gé náà. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó máa san án díẹ̀díẹ̀. Tó bá jẹ́ èmi ni mo ni aṣọ náà, ìyẹn ni mo kọ́kọ́ máa fẹ́ gbọ́ kí n tó tún gbé òmíràn wá.

MoTiDébẹ̀Rí
Mo gbè é lẹ́yìn. Ìmọ̀ràn tó dáa jù tí mo tíì gbọ́ lẹ́nu yín nìyẹn, Olóòótọ́.

ÀbúròTélọ̀
Òun fúnra rẹ̀ ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ẹni mẹ́fà ni. Ọ̀kan ti ní kó má ṣe ìyọnu, kó kàn bá òun rán ṣòkòtò kan lọ́fẹ̀ẹ́.

ỌmọÒṣogbo
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo ya bá yín. Àbúrò mi obìnrin wà ní ilé àdúrà kan báyìí, wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ òpó. Bàbá wa ló gbé e lọ. Wòlíì ní ẹ̀mí náà ò tíì jáde. Báwo ni mo ṣe máa yọ ọ́ láìjẹ́ pé mo bá Bàbá jà?

Nọ́ọ̀sìTóFẹ̀yìntì
Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Má lọ pẹ̀lú ariwo, má sì bú wòlíì. Àwọn èèyàn ń gbé ọmọ wọn lọ síbẹ̀ torí pé ibẹ̀ ló súnmọ́ wọn, ibẹ̀ ló sì kọ́kọ́ gbà wọ́n. Wá àgbà kan tí Bàbá ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, bóyá nínú ìjọ wọn. Kó sọ fún Bàbá pé àdúrà á máa lọ, kí dókítà náà máa ṣe tirẹ̀. Ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní àwọn dókítà ọpọlọ, kò sì jìnnà sí yín.

Tóo bá débẹ̀, ọ̀dọ̀ òun gan-an ni kóo kọ́kọ́ lọ. Jókòó sílẹ̀, kí i, sọ fún un ìdí tóo fi wá, bi í bóyá ó fẹ́ bá ẹ lọ. Wo ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá egbò wà níbẹ̀. Bèèrè ohun tí wọ́n ń fún un mu, àgbo tàbí oògùn, kóo kọ ọ́ sílẹ̀, dókítà á bèèrè. Ọjọ́ wo lo fẹ́ lọ?

ỌmọÒṣogbo
Ọjọ́rú, mà. Ẹ̀gbọ́n Bàbá mi ti gbà láti bá mi lọ.

Nọ́ọ̀sìTóFẹ̀yìntì
Ó dáa. Ẹ mú owó ọkọ̀ ẹni mẹ́ta dání, kí ẹ tètè kúrò nílé, torí pé àárọ̀ ni wọ́n ń gba káàdì.